Ẹ má tíì fi ọ̀rọ̀ yẹn lé Ọlọ́run lọ́wọ́

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní ìjì Beryl ṣí òrùlé yín lóṣù keje ọdún 2024, iná ò sí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ooru Houston, FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran àwọn tí àjálù bá lọ́wọ́, sì wá kọ lẹ́tà pé ilé yín ṣì ṣeé gbé, wọn ò ní san kọ́bọ̀ owó ìrànwọ́. Bàbá àwọn ọmọ ní kí ẹ fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá ó tọ́ kí àlejò ìlú máa bá ìjọba Amẹ́ríkà fa ọ̀rọ̀. Ó tọ́. Èmi bá wọn fà á lẹ́yìn ìjì Harvey ti ọdún 2017, oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi fà á.

Ẹ̀bá odò Brays là ń gbé nígbà náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, 25 oṣù kẹjọ 2017, Greg Abbott, gómìnà ìpínlẹ̀ Texas, sọ pé kí àwa tó wà láàárín Corpus Christi sí Houston rò ó dáadáa kí a kúrò nílé, kódà bí àwọn aláṣẹ ìlú wa ò bá pàṣẹ. Sylvester Turner, mẹ́yọ̀ Houston nígbà náà, àti Ed Emmett, tó jẹ́ olórí káúńtì Harris tí Houston wà, ní kí a jókòó sílé wa. Ta ni kí èèyàn gbọ́ tirẹ̀? Ọkọ mi ní ká máa lọ sí Dallas lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ni mo ní ká dúró, torí iṣẹ́ òru ń dúró dè mí ní ọsibítù.

Òjò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an lálẹ́ Sátidé. Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ ìró kan nínú balùwẹ̀, gbulugbulu. Ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà lọ ló ń pọ omi dúdú sókè. Mo tan iná fóònù, mo rí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ tó ti wú sókè, tó ń lọ sókè sódò bí àyà ẹni tó sùn. A gbé àwọn ọmọ sórí tábìlì oúnjẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti dé orókùn mi, fíríìsà ti ṣubú, ó ń léfòó, àpótí aṣọ mi sì ti ṣí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Àlàárì tí ìyá mi fà lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi ló wà lókè. Mo dúró, mò ń wo bí àwọ̀ pupa rẹ̀ ṣe ń ṣàn sínú omi ìdọ̀tí náà. Mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì títí bátìrì fóònù fi kú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ ojú omi tó fi ń pẹja ló kó wa jáde. Emmett fúnra rẹ̀ ti bọ́ síta, ó ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ ojú omi kó gbé e wá, àwọn míì sì fa tiwọn wá láti Louisiana. Mò ń gbàdúrà fún wọn dòní. Ṣùgbọ́n ìlú tó tóbi ṣìkẹrin ní gbogbo Amẹ́ríkà, tó wá ń tọrọ ọkọ̀ apẹja lọ́jọ́ tí omi dé, ìmúrasílẹ̀ wo ló ti ṣe?

Mi ò ní purọ́ mọ́ Turner. Ìdí wà tó fi ní ká dúró. Ní oṣù kẹsàn-án 2005, kò tíì pé oṣù kan tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ tí ìjì Rita kọjú sí Houston, wọ́n ní kí aráàlú kúrò. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì bọ́ sójú títì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀mí tó lé ní 100 ló bọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì kan tó kó àwọn arúgbó gbiná nítòsí Dallas, 23 kú nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rántí ìyẹn ò ní tètè pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú sá. Ohun tó dùn mí ni pé ọdún 12 ló wà láàárín Rita àti Harvey. Omi wọ Meyerland tó wà létí odò Brays ní 2015, ó tún wọ̀ ọ́ ní 2016. Wọ́n mọ àwọn tí omi máa kọ́kọ́ bá. Wọn ìbá ti wá bá àwa tó wà létí odò nìkan, ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí wọ́n ní ká kúrò.

Ti àwọn ará ẹ̀yìn dáàmù Addicks àti Barker, ní ìwọ̀ oòrùn Houston, tilẹ̀ burú ju tiwa lọ. Dáàmù méjèèjì ti wà láti bí 80 ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ tí omi máa tẹ́ sí tí wọ́n bá kún, ìjọba ò rà á tán, àwọn akọ́lé sì kọ́ ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún sórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé inú dáàmù ni àwọn ń sùn, àfi ìgbà tí omi bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé ìjọba lọ sí kóòtù, ní oṣù kejìlá 2019 adájọ́ sì sọ pé ìjọba ló máa dáhùn fún omi tó wọ ilé àwọn tó wà lẹ́yìn dáàmù. Ká ní wọ́n panu mọ́ ńkọ́?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Nígbà tí omi fà, a gé ara ògiri kúrò dé ìbàdí, torí nǹkan dúdú ti ń hù lára rẹ̀ bí olú. A fọ ilẹ̀, a da gbogbo ẹrù sẹ́bàá títì. Ìgbà náà ni aṣàyẹ̀wò FEMA wá. Kò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Ó bá ilé tó mọ́, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ilé yín ṣeé gbé. Mo sunkún lórí ìwé yẹn ju bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ omi lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ wa, ará New Orleans tí Katrina lé wá sí Houston, ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Èyí àkọ́kọ́ nìyí. Ṣé o ti ka ẹ̀yìn rẹ̀?" Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé mo ní 60 ọjọ́ láti sọ pé kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo lọ bá káfíńtà, ó kọ iye tí àtúnṣe máa jẹ́, yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó sì buwọ́ lù ú. Oníṣẹ́ iná kọ tirẹ̀ pé omi ti wọ wáyà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sùn níbẹ̀. Mo ya fọ́tò ìlà tí omi fà sára ògiri, ọmọ mi di téèpù ìdíwọ̀n mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè ka nọ́ńbà. Mo kọ nọ́ńbà ìwé ìbéèrè wa sórí gbogbo ojú ewé, torí ìwé máa ń sọnù lọ́wọ́ wọn. Tí mo bá pè wọ́n, mo máa ń kọ orúkọ ẹni tó gbé e, ọjọ́ àti aago, sínú ìwé àjákọ ọmọ mi. Wọ́n tún kọ̀, mo tún kọ̀wé. Owó tí wọ́n san níkẹyìn kò tó ìdajì ohun tí a ná, ṣùgbọ́n òun la fi ra wáyà àti ògiri.

Tiyín, òrùlé ni. Tí ẹ bá ní ìnṣọ́ránsì ilé, ẹ kọ́kọ́ gba lẹ́tà wọn tó sọ ohun tí wọ́n san àti ohun tí wọn ò san, ẹ fi mọ́ ọn. (Ẹ jọ̀ọ́, ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ọ̀tọ̀ ni ti omíyalé, ó sì máa ń gba 30 ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi ò mọ̀ ní 2017.) Ẹ má tíì kun àjà tí òjò ti ba jẹ́ kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ sì má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń pariwo. Ní 25 oṣù kẹjọ 2018, ọdún kan géérégé lẹ́yìn Harvey, nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwa tó dìbò ní káúńtì Harris gbà kí wọ́n yá bílíọ̀nù 2.5 dọ́là láti fi kápá omíyalé, bẹ́ẹ̀ owó orí tiwa ló máa san án. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 2021, Texas General Land Office, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Texas tí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, pín bílíọ̀nù kan dọ́là àkọ́kọ́ nínú owó ìdènà omíyalé tó wá nítorí Harvey, wọn ò fún ìlú Houston àti káúńtì Harris ní nǹkan kan. Inú mi ru. Àwọn èèyàn kọ̀wé ẹ̀sùn, ìjọba àpapọ̀ sì sọ ní 2022 pé bí wọ́n ṣe pín in fi ìyà jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn Látínò.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Ẹ yí lẹ́tà yẹn padà lálẹ́ òní kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ sórí rẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn, ká jọ ka 60 náà.