D750 àti Z6 II: ibi tí ìyàtọ̀ wọn wà gan-an

Ìbéèrè yín ní kúkúrú: Nikon D750 lẹ ń lò, pẹ̀lú lẹ́ǹsì mẹ́ta, ìyẹn 50mm f/1.8D, AF-S 24-120mm f/4G VR àti AF-S 70-200mm f/2.8G VR II. Ìgbéyàwó àti fọ́tò ojú èèyàn lẹ ń yà jù. Àwọn kan ní kẹ́ ẹ tà á, kẹ́ ẹ gba Z6 II, wọ́n ní ayé mirrorless, ìyẹn kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, la wà báyìí. Ẹ wá ń bèèrè bóyá fọ́tò yín á dára ju bó ṣe wà yìí lọ.

Tó bá jẹ́ dídán fọ́tò nìkan lẹ ń wò, rárá o. Sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà méjèèjì fẹ̀ tó nǹkan bí 36 × 24 mm, píksẹ́lì méjèèjì sì lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 24. Ẹ ya RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) ní ISO 100 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ lágbára tó), ẹ fa ibi tó ṣókùnkùn sókè ní ìpele mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà, kò sí oníbàárà tó máa mọ èyí tó tinú D750 jáde. Láti ISO 6400 lọ sókè, Z6 II mọ́ díẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ ẹni tó bá sún fọ́tò dé 100% nìkan ló máa rí i. Ẹni tó ṣì ń lo Canon 5D Mark II ti ọdún 2008 ni ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún. Bí onítọ̀hún bá fa òkùnkùn sókè, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ jáde níbẹ̀ bí ìlà aṣọ òfì. D750, tó jáde ní 2014, ti kúrò níbẹ̀ yẹn tipẹ́.

Fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ibi tí lẹ́ǹsì ti ń mú ṣáṣá, ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú DSLR, ìyẹn kámẹ́rà onídígí bíi D750, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé kì í kọ́kọ́ kan sẹ́ńsọ̀. Dígí ńlá á gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ sókè sí viewfinder, ihò tẹ́ ẹ ń yọjú wò. Ìyókù á gba àárín dígí náà kọjá, dígí kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì darí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ tó ń wọn fókọ́ọ̀sì jókòó sí. Orí sẹ́ńsọ̀ ni fọ́tò fúnra rẹ̀ wá ń wáyé. Ojú kan ni kámẹ́rà fi ń wọn nǹkan, ojú mìíràn ló fi ń yà á, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé ojú méjèèjì sì gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba. Bí dígí kékeré yẹn bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, lẹ́ǹsì á bẹ̀rẹ̀ sí í mú iwájú tàbí ẹ̀yìn ohun tẹ́ ẹ dojú kọ. Imú á mú ṣáṣá, ẹyinjú á rí bàìbàì. Bí nọ́ńbà f/ bá ṣe kéré tó ni ihò lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí tó, tí ibi tó ń mú sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i: ní f/4 ó lè má hàn, ní f/1.8 ni àṣírí ti ń tú. Orí sẹ́ńsọ̀ tó ń ya fọ́tò náà gan-an ni mirrorless ti ń wọn fókọ́ọ̀sì tirẹ̀, nítorí náà kò ní àìsàn yìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé DSLR àwọn kò mú ni kò tún AF rẹ̀ (ètò tó ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀) ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí ná, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod. Ẹ wá páálí funfun kan, kẹ́ ẹ fa ìlà dúdú tó nípọn sí i, kó dúró ṣánṣán níwájú lẹ́ǹsì. Ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ 45°, kí àárín rúlà náà bá ojú páálí dọ́gba. Ẹ jẹ́ kó jìnnà tó ìlọ́po 50 nọ́ńbà lẹ́ǹsì: 50mm, mítà 2.5, 200mm, mítà 10. Ẹ ṣí ihò lẹ́ǹsì tán, ẹ pa VR (ohun tó ń dín mímì kù nínú lẹ́ǹsì), ẹ lo ojúkò AF àárín nìkan, ìyẹn ojú ibi tí kámẹ́rà ti ń wọn fókọ́ọ̀sì, ẹ sì fi self-timer yà á kí ọwọ́ yín má bàa mì ín.

Kẹ́ ẹ tó ya ìkọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ ba fókọ́ọ̀sì jẹ́ pátápátá, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí kámẹ́rà wá a fúnra rẹ̀. Ẹ ya márùn-ún láti ọ̀nà jíjìn wá, márùn-ún láti itòsí lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tan Live View, ìyẹn wíwo àwòrán lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà, kẹ́ ẹ ya méjì sí i. Live View ni òṣùwọ̀n yín, torí orí sẹ́ńsọ̀ lòun náà ti ń wọn tirẹ̀. Bí ti Live View bá mú, tí ti viewfinder kò mú, AF fine-tune, àtúnṣe fókọ́ọ̀sì tó wà nínú menu kámẹ́rà, á tún un ṣe. Bí méjèèjì kò bá mú, lẹ́ǹsì ló ní àrùn, ẹ má wulẹ̀ dààmú menu. Bí mẹ́wàá tẹ́ ẹ yà bá fọ́n káàkiri, tí kan wà níwájú, tí òmíràn wà lẹ́yìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fine-tune náà nìyẹn.

Nínú SETUP MENU lẹ ti máa rí AF fine-tune, láti −20 dé +20. Bí fókọ́ọ̀sì bá ń bọ́ síwájú, ìyẹn ní ìhà ọ̀dọ̀ yín, ẹ lọ sí +. Bó bá ń bọ́ sẹ́yìn, ẹ lọ sí −. Ẹ kọ́kọ́ máa fi márùn-ún-márùn-ún sún un, tó bá ti súnmọ́, ẹ máa fi méjì-méjì. Lẹ́ǹsì kan, nọ́ńbà kan ni, kódà bó jẹ́ zoom. Ìyẹn ni pé 70-200mm tó péye ní 200 lè yẹ̀ díẹ̀ ní 70, ẹ yáa fi ti 200 ṣe é, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń hàn jù. Bó bá kọjá 15 lápá èyíkéyìí, ilé àtúnṣe ló kàn.

Èyí tí fine-tune kò lè wò ni ibi tí àwọn ojúkò AF wà. Mọ́kànléláàádọ́ta ni ti D750, gbogbo wọn ló kóra jọ sí àárín. Bẹ́ ẹ bá dá kámẹ́rà dúró lóòró láti ya ojú èèyàn, ẹyinjú onítọ̀hún sábà máa ń wà lókè ibi tí wọ́n mọ. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe ni pé a ó fi ojúkò kan mú ojú, a ó tẹ bọ́tìnnì dáàbọ̀, a ó wá yí kámẹ́rà. Ẹ wo ohun tíyẹn ń fà. Ní 50mm, f/1.8, mítà 1.5, gbogbo ibi tó máa mú kò ju nǹkan bí 10 cm lọ, 5 níwájú, 5 lẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá yí kámẹ́rà ní 15°, ojú ẹni náà ti kúrò lórí ìlà fókọ́ọ̀sì ní bíi 5 cm. Ẹ ti dé bèbè. Kí ẹni náà wá mí kanlẹ̀, ó parí. Ẹ fi f/2.8 yà á bẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ yí kámẹ́rà.

Ojúkò 273 ni ti Z6 II, wọ́n sì gba nǹkan bí 90% ojú fọ́tò. Ó ń rí ẹyinjú, ó ń tẹ̀ lé e dé ẹ̀gbẹ́, ẹ ò ní yí nǹkan kan. Ìdí kan ṣoṣo tó lágbára láti kúrò lórí D750 fún iṣẹ́ yín nìyí. Ṣùgbọ́n kò pé o. Ìlà olóòró làwọn ojúkò orí sẹ́ńsọ̀ ń rí dáadáa. Bẹ́ ẹ bá dojú kọ ìlà tó nà gbọọrọ ní ìbú nìkan, bí etí tábìlì tàbí aṣọ onílà, ó lè máa wá fókọ́ọ̀sì lọ wá fókọ́ọ̀sì bọ̀. Ẹ yẹ kámẹ́rà díẹ̀, á mú un, kẹ́ ẹ wá dá a padà. Nínú ojúkò D750, 15 ló ń ka ìlà ìbú àti ti òró pọ̀.

Alẹ́ ìnáwó tún ní tiẹ̀. Fúláàṣì Nikon tẹ́ ẹ ń gbé sórí D750 ń tan iná pupa láti ran AF lọ́wọ́ nínú òkùnkùn. Z6 II kì í lo iná pupa yẹn. Iná kékeré tó wà lára òun fúnra rẹ̀ ló ń lò, lẹ́ǹsì tó sanra bíi 70-200 sì lè dí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ á rò pé fúláàṣì òun ti bàjẹ́.

Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún ṣọ́tà aláìdún, èyí tí sẹ́ńsọ̀ nìkan fi ń ya fọ́tò láìsí ohun tó ń ṣí tó ń pa níwájú rẹ̀. Ó wuni lóòótọ́ nígbà àdúrà. Àmọ́ sẹ́ńsọ̀ irú ti Z6 II ń lo nǹkan bí 1/20 ìṣẹ́jú àáyá kó tó ka fọ́tò tán láti òkè délẹ̀. Iná LED olówó pọ́ọ́kú tó ń lo iná mànàmáná 50 Hz ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣírò ó: ìlà márùn-ún á là sójú ìyàwó, dúdú, funfun, dúdú. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i lórí kọ̀ǹpútà. Níbi tí LED bá wà, ṣọ́tà gidi ni kẹ́ ẹ lò, ní 1/50 tàbí 1/100. Níbi tí iná bá jẹ́ 60 Hz, 1/60 tàbí 1/125. Iná orí pèpéle tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà darí kì í tẹ̀ lé òfin yìí. Ẹ ya méjì mẹ́ta wò kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Fúláàṣì náà kì í tàn bẹ́ ẹ bá wà lórí ṣọ́tà aláìdún. Bẹ́ ẹ bá sì fi trigger, ohun tó ń tan fúláàṣì láti ọ̀nà jíjìn, ṣiṣẹ́ ní stúdíò, f/8, 1/160, ISO 100, inú viewfinder á ṣú biribiri, torí bí fọ́tò á ṣe rí láìsí fúláàṣì ló ń fi hàn yín. Nínú menu, ẹ pa Apply settings to live view.

Bátìrì: ìwọ̀n CIPA (ẹgbẹ́ àwọn oníkámẹ́rà ní Japan) fún D750 jẹ́ fọ́tò 1,230, fún Z6 II tẹ́ ẹ bá ń wo viewfinder, 340. Bẹ́ ẹ bá ń yà á léraléra, ó máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ má fi bátìrì kan jáde. EN-EL15 tẹ́ ẹ ti ní á wọ inú rẹ̀, á sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ b tàbí c sí lẹ́yìn nìkan lẹ lè fi okùn USB gba iná sí láìyọ ọ́ kúrò nínú kámẹ́rà.

Lẹ́ǹsì wá ńkọ́? Láti ẹnu ibi tí lẹ́ǹsì ń wọ̀ dé ojú sẹ́ńsọ̀, 46.5 mm ni ti Nikon F, irú ẹnu tí D750 ní. Ti Z, irú ti Z6 II, jẹ́ 16 mm. Àlàfo 30.5 mm yẹn ni adapter FTZ ń dí, ìdí sì nìyẹn tí lẹ́ǹsì àtijọ́ fi lè lọ sórí Z tí ti Z kò lè padà sórí D750. 24-120 àti 70-200 yín á ṣiṣẹ́ pẹ̀lú AF. 50mm f/1.8D ni wàhálà. Kò ní ẹ̀rọ tó ń yí fókọ́ọ̀sì nínú ara rẹ̀. Irin kékeré tó yọ jáde ní ẹnu D750 ló ń yí i. FTZ kò ní irin yẹn, nítorí náà ọwọ́ lẹ ó máa fi yí i. Lẹ́ǹsì tẹ́ ẹ fẹ́ kí Eye AF, ìyẹn AF tó ń wá ẹyinjú, bá ṣiṣẹ́ jù lọ gan-an ló máa kọ̀ ọ́. AF-S 50mm f/1.8G á dáhùn, Z 50mm f/1.8 S á sì mú ju méjèèjì lọ ní f/1.8. Lẹ́ǹsì yẹn ló ń dá ọ̀pọ̀ lójú pé "Z mú ju DSLR", kì í ṣe kámẹ́rà.

Nípa ti wíwúwo, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. D750 pẹ̀lú bátìrì àti káàdì jẹ́ 840 g, Z6 II 705 g. FTZ II fúnra rẹ̀ jẹ́ 125 g. Ó ku 10 g. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra adapter, FTZ II ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹsẹ̀ tripod tó yọ lábẹ́ FTZ àkọ́kọ́ máa ń kọ lu pẹpẹ tripod tó bá tóbi.

Eruku: nínú D750, dígí àti ṣọ́tà wà níwájú sẹ́ńsọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì. Nínú Z6 II, gbangba ló wà. Ẹ pa kámẹ́rà, ẹ da ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀, kẹ́ ẹ tó yọ lẹ́ǹsì. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ya ògiri funfun ní f/16 láìfi fókọ́ọ̀sì sí i. Ohun tó bá rí bí ẹ̀kán òjò dúdú, eruku ni. Èyí tẹ́ ẹ bá rí nínú viewfinder D750, tí kò sí nínú fọ́tò, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá máa ra Z6 II tí ẹnìkan ti lò, ẹ yọjú wo viewfinder lórí ohun funfun. Bí kámẹ́rà bá ti sùn níbi tí oòrùn ti wọ ẹ̀yìn viewfinder rẹ̀, àpá jíjóná á wà níbẹ̀, kì í lọ. Ẹ gba fọ́tò JPEG kan tó jáde tààrà láti inú rẹ̀, Nikon máa ń kọ iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí sínú fáìlì. Wọ́n ṣe ti Z6 II fún 200,000, ti D750 fún 150,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn ń kọjá bẹ́ẹ̀, òmíràn kì í sì dé ibẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ní àpò yín, D750 kò ní kúrò nílé. Màá ṣe fine-tune lónìí, màá pààrọ̀ 50mm D sí ti G, màá sì fi ṣiṣẹ́ oṣù kan. Lẹ́yìn náà, ẹ yá Z6 II pẹ̀lú FTZ II fún ìnáwó kan, ẹ ya fọ́tò ojú èèyàn 200 pẹ̀lú ìkọ̀ọ̀kan ní f/1.8, ẹ ṣí wọn ní 100%, kẹ́ ẹ ka iye èyí tí ẹyinjú mú nínú rẹ̀. Bí D750 bá fún yín ní 170 tí Z6 II fún yín ní 185, ẹ fi owó yín ra fúláàṣì kejì. Bó bá jẹ́ 110 sí 185, ẹ máa wá oníbàárà fún D750.