Kí ni kánsù wà fún ní ìgbèríko? Ìdáhùn ẹni tó ti jókòó níbẹ̀ rí

Àbúrò mi tó béèrè pé kí ni kánsù wúlò fún ní abúlé wọn, pé afárá kékeré orí odò wọn ti já, pé wọ́n ti lọ sílé alága títí ó fi sú wọn, tí alága sì ń sọ pé owó kò wọlé, mo fẹ́ dá yín lóhùn dáadáa, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Mo ṣe kánsẹ́lọ̀ fún wọ́ọ̀dù wa ní Òkè-Ògùn láti 1999 di 2002. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín owó, mo sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń tọrọ rẹ̀.

Ẹ fi ilé alága sílẹ̀, ìwé ìṣúná ni kẹ́ ẹ máa lé. Ohun tí kò bá ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé yẹn, tí àwọn kánsẹ́lọ̀ kò sì fọwọ́ sí, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà. Bí inú rẹ̀ bá dùn, yóò ṣe é; bí inú rẹ̀ kò bá dùn, ẹ ò ní ohun tẹ́ ẹ máa fi mú un.

Abala 7 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ ọ́ kedere pé ará ìlú ló gbọ́dọ̀ dìbò yan ìjọba ìbílẹ̀. Alága ló ń ṣe iṣẹ́, àwa kánsẹ́lọ̀ tó ń ṣojú wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin, tá à ń fọwọ́ sí ìṣúná, tá a sì lè pe alága wá ṣàlàyé ohun tó fi owó ṣe. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan ní ìjọba ìbílẹ̀ 33 àti wọ́ọ̀dù 351. Iṣẹ́ tí òfin kà sí wọn lọ́rùn kò sì kéré: ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, gọ́tà, títì abẹ́lé, ilẹ̀ gbígbá, ìwé ọjọ́ ìbí àti ìwé ikú, títí dórí láísẹ́ńsì básíkùlù àti ọmọlanke. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn àti ìpínlẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é.

Ẹ ó bi mí pé kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé owó oṣù nìkan là ń gbọ́ pé kánsù ń san. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Nígbà òyìnbó, kò sẹ́ni tó dìbò. Ọba àti àwọn ìjòyè ló ń ṣe ìjọba tí wọ́n ń pè ní N.A. (Native Authority), Rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn òyìnbó tó ń ṣojú ìjọba, sì wà lórí wọn. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n, ó sì ni wọ́n lára gan-an. Ní 1916, Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí i, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì kó ará Òkèhò sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá síbi tí ìlú wà lónìí. Àwọn àgbà wa kì í sọ ìtàn yẹn pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ọdún 1952 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣe òfin ìjọba ìbílẹ̀ tuntun, Awólọ́wọ̀ sì ni mínísítà tó wà nídìí ẹ̀. Látìgbà náà ni àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ti pọ̀ ju àwọn ìjòyè lọ nínú kánsù. Kánsù ayé ìgbà yẹn kọ́ ilé ẹ̀kọ́, ó kọ́ ilé ìgbẹ̀bí, ó ní wọléwọlé, ó ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Òun náà ló sì ń gba owó orí. Inú agolo mílíìkì ni bàbá mi ń kó rìsíìtì owó orí rẹ̀ sí, kò sì ní lọ sí ọjà ìlú kejì láìfi ti ọdún yẹn sápò, torí pé akódà lè dá a dúró lójú ọ̀nà, bí kò bá sì rí i fi hàn, ó di àtìmọ́lé. Nǹkan ìnira ni. Àmọ́ ẹni tó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ mọ kánsù lójú, ó mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ rẹ̀, ó sì máa ń béèrè pé dókítà dà, títì dà.

Ìbéèrè yẹn ló bí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969. Owó kòkó kò tó nǹkan, owó orí ga, àwọn agbowó kánsù sì ń han àwọn èèyàn léèmọ̀ ní abúlé. Àwọn àgbẹ̀ fi orin sí i, “Ọ̀kẹ́ mẹ́fà là á san,” ìyẹn ṣílè 30, wọn ò sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ni pé títì abúlé wà lára ohun tí wọ́n bèèrè. Wọ́n ní kí wọ́n tún ọ̀nà oko ṣe, kí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ kánsù tó ń fìyà jẹ wọ́n kúrò, kí wọ́n má fipá gba owó orí mọ́. Ìjọba já owó náà wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀.

Nígbà tó di 1976, ìjọba ológun sọ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà di oríṣi kan náà, ìpele kẹta lẹ́yìn ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Owó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti àpò ìjọba àpapọ̀ wá. Ìjọba ìbílẹ̀ 301 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń pín in síwájú sí i títí wọ́n fi dé 774 ní 1996. Lónìí, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń pín l'Ábújá ló jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ìyẹn ló fa ìṣòro tó wà níwájú yín báyìí. Láti ọjọ́ tí owó kánsù kò ti ti ọwọ́ àgbẹ̀ jáde mọ́, ojú kánsù ti kúrò lára àgbẹ̀, ojú àgbẹ̀ náà sì ti kúrò lára kánsù. Mi ò ní kí wọ́n dá owó orí àti akódà padà. Ohun tí mò ń sọ ni pé owó Àbújá yẹn, owó yín ni, ó sì yẹ kẹ́ ẹ máa bèèrè rẹ̀ bí ẹni tó san án láti inú agolo mílíìkì.

Wọ́n dìbò yàn wá lọ́jọ́ 5 oṣù Kejìlá 1998, a wọlé ní 1999, ìyà tó kọ́kọ́ jẹ wá sì ni èyí tí gbogbo kánsù mọ̀ nígbà náà sí síírò àlòkéṣọ̀n. Láti òkè ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí owó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tìréṣọ̀, ìyẹn akápò kánsù, á mú ìwé tó ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí ìjókòó, a ó rí iye tó tọ́ sí wa lókè, a ó rí owó tíṣà, a ó rí owó àwọn tó fẹ̀yìn tì, tá a bá fi máa dé ìsàlẹ̀ ìwé, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀. Nítorí náà, tí alága bá sọ pé owó kò wọlé, ẹ má kàn sọ pé irọ́ ni. Ẹ ní kó fi ìwé hàn yín.

Nínú ọ̀dá owó yẹn náà la ti ṣe afárá kan, bí a sì ṣe ṣe é ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn bá lọ. Odò kan wà láàárín abà méjì ní wọ́ọ̀dù wa. Tí òjò bá ti dé, ọkọ̀ tó ń kó iṣu kò lè kọjá, iṣu á máa rà létí odò, àwọn obìnrin á máa ru gààrí lórí wọ inú omi tó dé ìbàdí. Gbogbo ẹni tó ti ṣe kánsẹ́lọ̀ ṣáájú mi ni wọ́n ti bẹ̀. A kọ lẹ́tà lórúkọ abà méjèèjì, àwọn baálẹ̀ fọwọ́ sí i, a gba ẹ̀dà kan tí wọ́n lu òǹtẹ̀ kánsù sí. Òǹtẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, torí lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀ lè sọnù láàárín tábìlì méjì.

Ẹnjiníà kánsù wá. Ó ní kí ọmọkùnrin kan di orí tépù mú létí bèbè odò ní òdì kejì, ó fa tépù náà wá sọ́dọ̀ wa, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibi tí omi máa ń ga dé tí òjò bá rọ̀ jù. Ìyá arúgbó kan fi ọwọ́ kan ara igi kan, ó ní ibí yìí ni. Ẹnjiníà wọn ibẹ̀ náà, ẹ̀yìn lẹ́tà wa ló sì kọ iye ríńgì kọnkéré àti àpò sìmẹ́ǹtì sí. Àwọn ará abà ní àwọn á gbé yanrìn àti òkúta, àwọn á sì gbẹ́ ilẹ̀. Bí ara ìṣirò náà ṣe fúyẹ́ nìyẹn.

Ní ìjókòó ìṣúná, wọ́n fẹ́ kọ ọ́ pa mọ́ abẹ́ “àtúnṣe ọ̀nà oko.” Mo kọ̀. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ odò, kí wọ́n kọ orúkọ abà méjèèjì, kí wọ́n kọ iye owó rẹ̀ síwájú. A jà á gan-an, torí kánsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní odò tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwa la ní ìwé ẹnjiníà lọ́wọ́. Nígbà tí owó díẹ̀ wá wọlé, ẹnì kan tó lágbára fẹ́ kí wọ́n gbé ríńgì náà lọ sí àdúgbò mìíràn. Olórí àwọn kánsẹ́lọ̀ ṣí ìwé ìṣúná, ó ka ìlà yẹn sókè. Kò sí ẹni tó lè sọ pé odò yẹn wà ní àdúgbò mìíràn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n rì í, ọkọ̀ ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ọjà náà ń kọ́? Nígbà kan, owó ìsọ̀ ń dín kù, ọjà sì ń kún sí i. Ìyálọ́jà kó rìsíìtì àwọn obìnrin jọ sínú àpò ike kan, ó gbé e wá sí ìjókòó wa. A fi nọ́ńbà ara wọn wé ìwé tìréṣọ̀. Àwọn kan kò sí nínú ìwé kankan. Agbowó kan ti tẹ ìwé tirẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Mo sọ èyí torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ju rìsíìtì nù.

Ó ku ọ̀rọ̀ alága afìdíhẹ. Lẹ́yìn tí sáà tiwa parí ní 2002, gómìnà ló ń yan ẹni tó wù ú síbẹ̀, ó sì pẹ́ kí ìbò tó tún dé. Ẹni tí wọ́n yàn bẹ́ẹ̀ kò ní kánsẹ́lọ̀ tó máa bi í ní ìbéèrè, ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló ń wò lójú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fi ẹnu ọ̀rọ̀ yìí jóná. Lọ́jọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2021, ó dá ẹjọ́ pé yíyọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yọ àwọn alága àti kánsẹ́lọ̀ lọ́dún 2019 kò bófin mu. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje 2024, ó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà má sì tú kánsù tí wọ́n dìbò yàn ká mọ́. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n owó tó bá dé tààrà, tí kò bá ìlà odò yín nínú ìwé, ibòmíràn ló máa gbà.

Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Oṣù kìíní ni ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà, kí lẹ́tà yín ti wà níbẹ̀ kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, kí kánsẹ́lọ̀ yín sì ní ẹ̀dà tirẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ wádìí bóyá ti ìpínlẹ̀ ni ọ̀nà náà, torí kánsù kò ní fọwọ́ kan ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n á sì fi ìyẹn yí yín. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ ara yín ṣe nínú iṣẹ́ náà, ó máa ń jẹ́ kí ọkàn ẹnjiníà rọ̀. Tí wọ́n bá ní ìwé ìṣúná kì í ṣe ohun tí ará abúlé ń wò, òfin kan wà láti 2011 tó fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ 7 ló sì fún wọn láti dáhùn. Ẹ kọ orúkọ odò yín àti ti àwọn abà tó wà lápá méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín to lẹ́tà náà.