Bingo ti ń darúgbó, kí la máa ṣe fún un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá wa kan wà nílé níbí l'Ẹ̀pẹ́, Bingo lorúkọ ẹ̀, ó ti pé ọdún 12. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń lọ sọ́jà Olúwo, òun ló máa ń síwájú mi dé títì. Ní báyìí, ó ń forí gbá àga, ojú ẹ̀ ń funfun bíi búlúù, látìgbà tá a sì ti fi táìlì sí pálọ̀ lẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń yọ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ní ká máa fún un ní paracetamol. Ṣó dáa bẹ́ẹ̀? – Ìyá Bingo

ÌDÁHÙN: Ìyá Bingo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un o! Paracetamol lè ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́, ti ológbò tiẹ̀ tún burú jù, hóró kan péré lè pa á. Ibuprofen náà, ẹ gbàgbé ẹ̀. Dókítà ẹran ní oògùn oríkèé-ríro tiwọn, á wo bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó kó tó sọ iye tó máa lò. Kó wo ojú yẹn náà, torí ó lè jẹ́ cataract, ìyẹn kí inú ẹyinjú funfun débi tí kò ní ríran dáadáa mọ́, ó sì lè jẹ́ ti ọjọ́ orí lásán tó ṣì ń ríran.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ dárúkọ táìlì. Ṣé ẹ ò sún àga nígbà tí wọ́n ń ṣe é? Mo fura pé ẹ sún un. Ajá tójú ẹ̀ ò dá mọ́ ti há ilé sórí, imú ló fi ń wá oúnjẹ, ẹ bá sún àga díẹ̀ báyìí ó ti forí gbá a nìyẹn. Ẹ dá a padà sáyè ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́ rọ́gì tó ní rọ́bà nídìí látibi tó ń sùn dé ìdí omi ẹ̀. Tó bá ń rìn tẹ́ ẹ ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ lórí táìlì, èékánná ẹ̀ ti gùn jù nìyẹn, kì í jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ di ilẹ̀ mú, ẹ bá a gé e.

Àwọn náà gbọ́n ṣá o. Ajá tèmi, nígbà tí ìdí ń dùn ún, kì í kàn wó lulẹ̀ mọ́, á fara ti ògiri, á wá máa yọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìyá àgbà tó fẹ́ jókòó sórí ẹní, èmi ò kọ́ ọ.

Tí Bingo bá ń sùn, ẹ fẹsẹ̀ lulẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, kó má fi ìjayà gé yín jẹ, torí etí náà lè ti ń di. Ọjà Olúwo ti jìn fún un báyìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kó sìn yín dé gétì láràárọ̀ kí oòrùn tó mú, kó gbóòórùn ìta díẹ̀ kó padà wọlé.