Orúkọ tí mo méfò rẹ̀ ò jẹ́ kí n sùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán o, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo wà lọ́dún kẹta ní yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà, ìtàn ni mò ń kà. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ ìwádìí, onítàn wà níbẹ̀, onímọ̀ èdè wà níbẹ̀, àwọn oníkọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀, èmi nìkan ló gbọ́ Yorùbá. Ìwé tí wọ́n fi kọ orúkọ àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú la ń kà, èmi ni mò ń sọ orúkọ tí akọ̀wé òyìnbó ń gbìyànjú láti kọ. Ẹ̀gbọ́n, nígbà míì mi ò mọ̀ ọ́n, ojú sì ń tì mí, mo bá kàn méfò. Wọ́n á tó ogójì báyìí. Dádì mi tiẹ̀ ní ṣé torí kí n lè máa tẹ orúkọ òkú ni àwọn ṣe rán mi lọ. Ṣé kí n fiṣẹ́ náà sílẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má fi sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ogójì yẹn, sọ fún prófẹ́sọ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, má jẹ́ kó di ọgọ́rin.

Wò ó, Àjàyí tó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ọdún 1822 ni wọ́n gba òun náà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sierra Leone, ó dàgbà, ó kàwé, ó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé Òṣoògùn ni wọ́n ti kó òun. Àwọn tó kù ńkọ́? Àkójọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí orúkọ èèyàn 91,491 wà nínú ẹ̀, látinú irú ìwé tí ẹ̀ ń kà yẹn, ti Freetown àti ti Havana ní Kúbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní nǹkan míì láyé mọ́ ju ìlà kan yẹn lọ, orúkọ, ọjọ́ orí, bóyá bí wọ́n ṣe ga tó. Ìdí tó fi ń dùn mí nìyẹn tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan méfò.

Orúkọ yẹn gba ẹnu ògbufọ̀ kó tó dé etí akọ̀wé, akọ̀wé ò sì mọ àmì ohùn. Tó o bá rí "Ojo", ó lè jẹ́ Òjó, ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, ó sì lè jẹ́ ọmọ Ígálà, torí orúkọ Ọlọ́run ni lọ́dọ̀ tiwọn. O bá kọ Òjó, onítàn gbà ẹ́ gbọ́, oníkọ̀ǹpútà gba onítàn gbọ́, wọ́n kà á mọ́ Yorùbá, wọ́n fi ya máàpù, kó sì jẹ́ pé ẹ̀bá Odò Ọya lọ́hùn-ún ni wọ́n ti mú ẹni ẹlẹ́ni. Kò sẹ́ni tó lè yẹ iṣẹ́ ẹ wò nínú wọn, ìwọ nìkan ni!

Ní kí àwọn oníkọ̀ǹpútà ṣí àyè sí i nínú fáìlì yẹn: ohun tí akọ̀wé kọ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà bí ìwọ ṣe kà á, ohun míì tó tún lè jẹ́, àti bó ṣe dá ẹ lójú tó. Èyí tó ò mọ̀, kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ò mọ̀. Kó o sì ní kí wọ́n kọ orúkọ tìẹ náà sí i pé ìwọ lo kà á, ẹ̀tọ́ ẹ ni, má tijú bèèrè.

Ti Dádì, tí prófẹ́sọ̀ bá ti gbà pé kò sí wàhálà, pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan kó o ka mẹ́wàá lára àwọn tó le yẹn sí wọn létí. Àwọn àgbà mọ orúkọ tí àwa ò gbọ́ rí, ṣùgbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ló sọ ọ́, torí àwọn náà lè ṣì í. Kọ̀wé sí mi padà, mo fẹ́ gbọ́ iye tí wọ́n mọ̀ nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.