Èsì: Ohùn obìnrin nínú orin mẹ́tàlì

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ béèrè bóyá obìnrin ló ń bú ramúramù nínú orin mẹ́tàlì (orin rọ́ọ̀kì tó le, tó sì máa ń pariwo) tí ẹ gbọ́ ní Ṣàgámù, tàbí ẹ̀rọ ni wọ́n fi yí ohùn rẹ̀ padà. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Iṣan tó wà lókè tán-án-ná, ìyẹn ohun tó ń gbọ̀n nínú ọ̀fun tí a bá ń sọ̀rọ̀, ni wọ́n máa ń mú gbọ̀n, tí èémí tó ti inú ikùn wá sì ń gbé e jáde, ìdí nìyẹn tí ohùn ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í fi í há. Angela Gossow, ọmọ Jámánì, fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ kọrin fún ẹgbẹ́ Arch Enemy ti ilẹ̀ Sweden títí di ọdún 2014.

Ní tèmi, ẹgbẹ́ Voice of Baceprot ló wù mí jù: ọ̀dọ́bìnrin mẹ́ta láti Garut ní Indonesia, Mùsùlùmí tó ń wọ ìbòrí, tí wọ́n kọrin ní Glastonbury, àjọ̀dún orin ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 2024. Ẹ sáà máa wo ìka Widi Rahmawati lórí gìtá béèsì. (Àwọn àlájà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, ṣebí àwọn náà ló ń jókòó ti ìró ìbọn ní Ojúde Ọba!) Bí etí yín kò bá tíì gba ramúramù, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Girlschool, ẹgbẹ́ mẹ́tàlì àwọn obìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní ọdún 1978, tiwọn kò le tó bẹ́ẹ̀.