"Àfòmọ́ ò légbò": ṣé Parasite inú ìwé Superman ni òwe yìí ń bá wí?

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìyá mi fẹ́ràn láti máa pa òwe kan: 'Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan.' Ọmọ mi ọkùnrin ń ka ìwé aláwòrán Superman, ó ní ọ̀tá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Parasite, tó jẹ́ pé bó bá ti fọwọ́ kan èèyàn, yóò fa agbára onítọ̀hún mu. Mo ní àfòmọ́ tí màmá àgbà ń wí nìyẹn. Ṣé mo wí ire, àbí òwe náà ní ìtumọ̀ mìíràn?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ wí ire dé ìdajì. Àfòmọ́ ni Parasite lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe jíjẹ tí àfòmọ́ ń jẹ igi ni òwe yẹn dójú sọ. Ẹ tún ìparí rẹ̀ gbọ́. Àwọn àgbà kò sọ pé igi gbogbo ní í jẹ. Wọ́n ní igi gbogbo ní í bá tan. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni.

Ẹni tó bá ti dé oko kòkó tàbí oko obì á ti rí àfòmọ́. Igi náà dúró pẹ̀lú ewé tirẹ̀, àmọ́ lórí ẹ̀ka kan lókè, ẹ ó rí ìdì ewé mìíràn tí kò jọ ti igi yẹn rárá. Ẹyẹ ló ń gbé e kiri. Èso rẹ̀ ní oje tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́. Bí ẹyẹ bá jẹ ẹ́, hóró inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka tí ẹyẹ bá nu ẹnu sí tàbí tó yàgbẹ́ sí, ibẹ̀ náà ni yóò sì hù sí. Kò ní fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí ayé rẹ̀. Ohun tó ní dípò egbò, ìyẹn gbòǹgbò, máa ń gún èèpo igi wọlé, títí yóò fi kan ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa mu. Ewé rẹ̀ tutù, ó ń fi oòrùn ṣe lára oúnjẹ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n omi àti ohun aṣara-lóore tó wà nínú ilẹ̀, ọwọ́ igi ló ti ń gbà á. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í já ewé rẹ̀ lásán. Ẹ̀ka tó wà lórí rẹ̀ gan-an ni yóò gé, nítorí èyí tó ti wọnú igi yóò tún rúwé padà.

Àwọn àgbà rí gbogbo èyí, síbẹ̀ kì í ṣe ẹnu tó fi ń mu omi igi ni wọ́n fi pòwe. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé wọ́n rí i lórí obì, wọ́n rí i lórí orógbó, wọ́n rí i lórí ọsàn, ó sì jókòó sórí gbogbo wọn bí ọmọ bíbí inú. Nílùú tiwa, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ ń bi àlejò ni pé, "Ọmọ ta ni ọ́? Agboolé wo?" Agboolé yẹn ni egbò èèyàn, òun àti oríkì rẹ̀, òun àti àgbàlagbà kan tó lè jẹ́rìí pé lóòótọ́ ni, mo mọ bàbá rẹ̀. Ẹni tí òwe yìí ń bá wí kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Bí nǹkan bá ń lọ déédéé nílé Balógun, yóò ní ìyá ìyá òun ti ibẹ̀ wá. Bí Balógun bá kú, tí owó wá wà nílé Ọ̀tún, ẹ ó gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni òun àti Ọ̀tún.

Ìdí tó fi ń du ẹbí ni pé ẹbí ló ń ṣílẹ̀kùn. A kì í ka òkèlè mọ́ ọmọ ìyá ẹni lẹ́nu. Òwe mìíràn tilẹ̀ wà tó fi ààlà sí i: "A kì í bára tan ká fara wa nítan ya." Ẹbí ní àǹfààní, ó sì ní ìwọ̀n. Àfòmọ́ gba àǹfààní, kò gba ìwọ̀n.

Ó wá ku Parasite. Oṣù kẹjọ ọdún 1966 ló wà lára ìwé tó ti kọ́kọ́ jáde, ìyẹn Action Comics nọ́ńbà 340. Jim Shooter ló kọ ìtàn náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà yẹn, ẹ fi yé ọmọ yín pé kò ju ọmọ ilé ìwé girama lọ. Nínú ìtàn yẹn, òṣìṣẹ́ kékeré kan nílé ìwádìí sáyẹ́ǹsì, Raymond Jensen, rò pé owó oṣù àwọn èèyàn ni wọ́n kó pamọ́ sínú àwọn agolo ìdọ̀tí olóró. Ó ṣí ọ̀kan. Ohun tó wà níbẹ̀ sọ ara rẹ̀ di àwọ̀ àlùkò, ó sì di ẹni tí ebi agbára ń pa ṣáá. Nígbà tó kan Superman, ó fa agbára rẹ̀ mu kọjá ohun tí ara rẹ̀ lè gbà, ó sì bẹ́. Wọ́n tún jí i dìde lẹ́yìn náà. Ní 1987, wọ́n gbé orúkọ náà fún ẹlòmíràn, Rudy Jones, ẹni tó ń gbálẹ̀ nílé ìwádìí kan ní Pittsburgh. Òun náà ṣí ohun tí kò yẹ kó ṣí.

Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìtàn wọ̀nyí, Parasite kò bá ẹnikẹ́ni tan. Ó ń dì mọ́ni ni, ó ń gbà, ó ń lọ. Olè ni mo máa pè é níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wá òwe fún irú ìjà bẹ́ẹ̀, èyí tí ẹ ó lò ni: "Eégbọn so mọ́ ayínrín lẹ́nu, a ní kí adìẹ wá yọ ọ́ jẹ, adìẹ mọ̀ pé oúnjẹ ayínrín lòun." Gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ Parasite láti bá a jà ló ń gbé oúnjẹ fún un, ti Superman ló sì pọ̀ jù.

Àmọ́ ìtàn kan wà, ní nǹkan bí ọdún 2000, tó bá òwe màmá àgbà mu pátápátá. Parasite ti wá lè mú ìrísí àti ìrántí ẹni tó bá fa agbára rẹ̀ mu. Ó gbé Lois Lane, ìyàwó Superman, pamọ́, ó gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀, ó sì wọlé lọ jókòó bí ìyàwó ilé. Ó mọ àṣírí ọkọ. Ó mọ gbogbo ohun tí ìyàwó mọ̀. Ọkọ rí i pé ìwà ìyàwó òun ti yí padà, wọ́n ń jà, àmọ́ kò lè lé e, torí ta ní í lé ìyàwó rẹ̀ síta nítorí ìjà? Níbẹ̀ ni ọ̀tá náà ti bá a tan, ohun tí ìkúùkù kò lè gbà lọ́wọ́ Superman ni ẹbí èké fi gbà.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé bí Parasite bá fa agbára Superman mu, kì í ṣe fífò àti ojú iná nìkan ló ń gbà. Kryptonite, òkúta láti ayé tí wọ́n ti bí Superman, bẹ̀rẹ̀ sí í pa òun náà lára. Òkúta yẹn ló sì pa á nínú ìtàn Lois yìí. Ọmọ Yorùbá mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní èèwọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá sì lóun jẹ́ ọmọ ilé gbọ́dọ̀ pa á mọ́. Àwọn oníṣègùn wa náà kì í ka àfòmọ́ kún ewé kan ṣoṣo. Bí ẹ bá béèrè rẹ̀, wọn yóò ní, "Ti orí igi wo?" torí èyí tó wà lórí obì kò ṣiṣẹ́ kan náà pẹ̀lú èyí tó wà lórí orógbó. Lójú tiwọn, ohun tó wà lára igi wà lára àfòmọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ sọ fún ọmọ yín pé àfòmọ́ ni Parasite, kẹ́ ẹ sì fi ìtàn Lois yẹn ṣe àlàyé. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un nípa pípa òwe náà. Ẹ má ṣe pa á lójú ọmọ tí wọ́n gbà tọ́, tàbí àlejò tó bá ilé gbé lóòótọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ilé, tó ń sunkún òkú ilé. "Ò légbò" le létí ẹni tó jẹ́ pé àìsí ẹbí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ yín.