Bí a ṣe rí oníròyìn mú wá síbi àjọ̀dún Pagan wa

Ẹ ní ẹgbẹ́ yín fẹ́ ṣe àjọ̀dún Pagan, ìyẹn ẹ̀sìn òde òní tó tọpasẹ̀ ìsìn àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ní gbangba, ẹ fẹ́ kí ìwé ìròyìn àti rédíò àdúgbò dá sí i, àmọ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù pé wọ́n á kàn fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù yẹn tọ́ o. Wọ́n ti fi èmi ṣe é rí. (Mi ò pe Pagan ní kèfèrí, ìyẹn èébú ni. Orúkọ tí a fi ń pe ara wa ni mo lò.)

Ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn, odindi ojú ìwé mẹ́ta ni mo kọ ránṣẹ́. Mo ṣàlàyé Wicca, mo ṣàlàyé Druid àti Heathen, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀ka inú ẹ̀sìn Pagan, mo wá fi ìpínrọ̀ kan gbáko sọ pé àwa kì í sin Sàtánì. Oníròyìn kan ṣoṣo ló kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ mọ àkọlé tó gbé jáde? “Àwọn Pagan ní àwọn kì í sin Sàtánì.” Kò parọ́ mọ́ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Ẹni tí Sàtánì ò tiẹ̀ sí lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Láti ọjọ́ náà, a kì í wẹ ara wa mọ́ kúrò nínú ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi kàn wá. Bí wọ́n bá bi yín ní tààràtà, ẹ fi gbólóhùn kan dáhùn, kẹ́ ẹ yáa padà sórí ohun tẹ́ ẹ wá sọ.

Oúnjẹ ló gbà wá lọ́dún kejì. Pagan Pride Project, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà ń lo orúkọ rẹ̀, máa ń fẹ́ kí àjọ̀dún ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, kí wọ́n sì kó nǹkan jọ fún aláìní níbẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni gbogbo wa máa ń ti ìyẹn sí. Mo gbé e wá sí ìlà àkọ́kọ́: a fẹ́ kó oúnjẹ inú agolo jọ fún àwọn tí ebi ń pa ládùúgbò, ọjọ́ báyìí, aago báyìí, ọ̀fẹ́ ni. Oníròyìn tó ń kọ ọ̀rọ̀ àdúgbò ló wá, kì í ṣe ẹni tó ń kọ ti ẹ̀sìn. Ìgbà tí a ń wọn oúnjẹ ló dé. Fọ́tò tó jáde ni ti ìyá àgbà kan tó dé adé ewé, tó gbá agolo ẹ̀wà mọ́ àyà, tó ń fún ojú pọ̀ kó lè rí òǹkà orí òṣùwọ̀n, torí pé ó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé. Ta ló máa rí ìyẹn táá sá?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú àjọ̀dún ni kẹ́ ẹ ti fi ìwé ìkéde yín ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn, nínú ímeèlì gan-an, kì í ṣe fáìlì tí wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí. Ojú ewé tí wọ́n ń to àwọn ayẹyẹ sí ní ọjọ́ ìparí tirẹ̀, ó sì máa ń tètè kọjá. Lọ́jọ́ Sátidé, oníròyìn kì í pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, torí náà ẹ ya fọ́tò yín fúnra yín, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, kó dé ọwọ́ wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àmọ́ fọ́tò yìí náà ló dùn mí jù. Arábìnrin kan hàn lẹ́yìn nínú ọ̀kan, ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ rí i. Kò padà sọ́dọ̀ wa mọ́ títí dòní. Ní báyìí, rìbọ́nù pupa wà lẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n ya òun, oníròyìn á sì kọ́kọ́ rí mi kó tó gbé kámẹ́rà sókè.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, kó sì jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa mọ nǹkan ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n kó tó dórí ọ̀rọ̀, oníròyìn ti wo aago lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá bi mí nípa ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún tí a máa ń fi kọ́ ọrùn, tó jẹ́ àmì ẹ̀sìn wa, mi ò ṣe wàásù. Mo máa ń sọ pé láti oṣù kẹrin ọdún 2007 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti gbà kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ sára òkúta ibojì àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun. Ó tán.

Tí oṣù kẹwàá bá wọlé, àwọn ló máa wá yín nítorí Halloween, wọ́n á fẹ́ àjẹ́ onífìlà ṣóńṣó. Àwọn kan nínú wa kì í gbé fóònù nígbà yẹn. Èmi ń gbé e. Mo máa ń sọ fún wọn pé àkókò tí à ń rántí àwọn òkú wa ni Samhain, àjọ̀dún wa tó bọ́ sí ìgbà Halloween, jẹ́, màá sì gba nọ́ńbà wọn sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀.

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá sì kọ sínú ìwé yín, kó jẹ́ èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà. Mo fi fóònù mi sílẹ̀ sínú ọkọ̀ nígbà kan, ìgbà mẹ́rin ni rédíò pè bí a ṣe ń lu ìlù lọ́wọ́.